Ìtọ́jú Tí Nọ́ọ̀sì Ń Ṣe fún Ẹni Tí Ẹṣẹ́ Parathyroid Rẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́ Ju Bó Ṣe Yẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

A kọ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí fún nọ́ọ̀sì, fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti fún ará ilé tó ń tọ́jú aláìsàn. Ohun kan wà tó yẹ kí òǹkàwé mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀: kálísíọ̀mù tó pọ̀ jù ni ewu aláìsàn yìí kí wọ́n tó fi iṣẹ́ abẹ yọ ẹṣẹ́ tó ń dá wàhálà sílẹ̀ fún un, èyí tó kéré jù ni ewu rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì tó dúró ti ibùsùn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ti yí padà.

Kí ni ẹṣẹ́ parathyroid, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀?

Mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀yìn ẹṣẹ́ thyroid ní ọrùn ni wọ́n wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ. Ivar Sandström, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Uppsala, ló ṣàpèjúwe wọn lára ènìyàn nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1880. PTH ni orúkọ họ́mónù tí wọ́n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, PTH a fa kálísíọ̀mù yọ láti inú egungun, kò ní jẹ́ kí kíndìnrín dà á nù mọ́ ìtọ̀, a sì mú kí kíndìnrín sọ fítámì D di irú èyí tó ń jẹ́ kí ìfun gba kálísíọ̀mù láti inú oúnjẹ. Ó tún máa ń jẹ́ kí fọ́síféètì, èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ, bá ìtọ̀ jáde. Nígbà tí kálísíọ̀mù bá ti tó, ó yẹ kí ẹṣẹ́ náà sinmi. Nígbà tí kò bá sinmi mọ́ ni àìsàn dé.

Kí ló ń fà á tí ẹṣẹ́ náà kì í fi í sinmi?

Oríṣi mẹ́ta ni. Nínú oríṣi kìíní, inú ẹṣẹ́ náà gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: nínú bí ènìyàn 80 sí 85 nínú 100, kókó kan ṣoṣo tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ló hù sára ọ̀kan nínú ẹṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nínú àwọn mìíràn, ẹṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ ló wú, jẹjẹrẹ kò tó ẹyọ kan nínú 100. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní in. Nínú oríṣi kejì, ohun mìíràn ló ń lé ẹṣẹ́ náà léré, pàápàá kíndìnrín tó ti ń kọṣẹ́ tàbí fítámì D tó kéré. Kálísíọ̀mù irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà ga, ó tiẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Oríṣi kẹta máa ń jẹ yọ nígbà tí oríṣi kejì bá ti pẹ́ débi pé ẹṣẹ́ náà kò gbọ́ràn mọ́, a sì máa ń rí i lára ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún.

Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì mọ oríṣi tó ń tọ́jú, nítorí ìmọ̀ràn tó ṣe ẹni kìíní láǹfààní lè pa ẹnì kejì lára.

Kí ni aláìsàn máa ń ráhùn sí?

Ọ̀pọ̀ ni kì í ráhùn rárá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe nítorí nǹkan mìíràn ló ń tú àṣírí àìsàn náà. Lára àwọn tó ń ráhùn, ẹ ó gbọ́ nípa àárẹ̀ tí oorun kò mú lọ, òùngbẹ, ìtọ̀ léraléra, ìgbẹ́ tó le, inú rírun, èébì, oúnjẹ tí kò wuni jẹ, egungun dídùn, egungun tó kán nítorí ìṣubú kékeré, àti òkúta inú kíndìnrín. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbàgbé náà wà níbẹ̀, ẹ má sì ṣe fojú kéré wọn. Aláìsàn kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ wọ́n, ọmọ tàbí ọkọ ló máa ń sọ pé, “Nọ́ọ̀sì, màmá kì í ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́.” Kí nọ́ọ̀sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, kí ó má kàn kà á sí ọ̀rọ̀ ogbó, nítorí kálísíọ̀mù tó pọ̀ jù lè dà ọpọlọ láàmú, ìyípadà kékeré nínú ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn sì lè jẹ́ àmì pé ó tún ti ga sí i.

Kí ló yẹ kí a ṣọ́ra fún nígbà tí a bá ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò?

Ìwọ̀n kálísíọ̀mù tó tọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà wà láàárín nǹkan bíi 8.5 sí 10.5 mg/dL (mílígíráàmù nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan), bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ ló so mọ́ prótéènì inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá albumin. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a so apá aláìsàn pẹ́: bí okùn bá pẹ́ lápá, omi a jáde kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, prótéènì a ki, èsì kálísíọ̀mù a sì ga ju bó ṣe wà lóòótọ́ lọ. Ẹ so ó, ẹ rí iṣan, ẹ tú u, kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ tó tó bí ó bá ṣeé ṣe. Bí albumin bá wà ní ìsàlẹ̀ 4 g/dL, a máa ń fi 0.8 mg/dL kún kálísíọ̀mù fún gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó fi dín. Ẹ̀jẹ̀ PTH kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí tábìlì. Ẹ tẹ̀ lé ìlànà yàrá àyẹ̀wò yín lórí irú ìgò tí ẹ ó lò àti yìnyín, kí ẹ sì tètè fi ránṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá aláìsàn ń lo òògùn biotin fún irun tàbí èékánná, torí ó lè sọ èsì PTH di irọ́.

Báwo ni omi ṣe yẹ kó pọ̀ tó, kí ni kí a sì ṣe nípa òkúta inú kíndìnrín?

Bí ọkàn àti kíndìnrín aláìsàn bá gbà á, lítà 2 sí 3 ni a máa ń gbà á níyànjú láti mu lójúmọ́. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, torí ìtọ̀ tó ki ni kálísíọ̀mù ti ń dì di òkúta. Ife omi kan tó wà níbi tí ọwọ́ aláìsàn lè dé wúlò ju ìmọ̀ràn mẹ́wàá lọ, pàápàá fún àgbàlagbà tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ kọ iye omi tó wọlé àti iye ìtọ̀ tó jáde sílẹ̀.

Bí ìrora bá mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn, tí ó sì ń bọ́ sí abẹ́ ikùn, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìtọ̀, ẹ máa sẹ́ gbogbo ìtọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú asẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ohunkóhun tó bá kù sórí asẹ́ náà fún yàrá àyẹ̀wò, bó tilẹ̀ dà bí iyanrìn lásán. Omi kan náà, èso, ewébẹ̀ àti ìrìn díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń tọ́jú ìgbẹ́ tó le. Bí kò bá tó, dókítà lè kọ òògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀.

Ṣé kí aláìsàn má jẹ oúnjẹ tó ní kálísíọ̀mù mọ́ ni?

Rárá, bí ó bá jẹ́ oríṣi kìíní. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń sá fún wàrà nítorí pé wọ́n gbọ́ pé kálísíọ̀mù wọn ga, ìbẹ̀rù náà sì yé wa, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ kò bá gbé kálísíọ̀mù wọlé, ńṣe ni ẹṣẹ́ náà tún máa ń tú PTH sí i, tí egungun a sì máa san gbèsè náà. Ìwọ̀n tí ẹlòmíràn ń jẹ ni kí òun náà jẹ. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó lọ ra oògùn kálísíọ̀mù tàbí fítámì D lò fúnra rẹ̀. Bí fítámì D rẹ̀ bá kéré, dókítà ni yóò kọ ọ́ fún un, wọn yóò sì máa yẹ kálísíọ̀mù rẹ̀ wò bó ṣe ń lò ó.

Báwo ni a ṣe ń dáàbò bo egungun rẹ̀?

Egungun tí PTH ti fa kálísíọ̀mù rẹ̀ yọ fún ọdún púpọ̀ lè kán nígbà tí ẹnì kan kàn fẹ́ gbé aláìsàn sókè lórí ibùsùn. Ẹ má fà á lápá, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ láti gbé e. Kí ènìyàn méjì di aṣọ tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n sọ fún un pé, “Bàbá, a fẹ́ gbé yín sókè díẹ̀ o,” kí wọ́n sì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ibùsùn wà nísàlẹ̀, kí iná wà lọ́nà ilé ìtọ̀ lóru, kí omi má dà sílẹ̀, kí bàtà rẹ̀ má sì yọ̀. Ìtọ̀ léraléra ló ń gbé e dìde lóru, torí náà àyíká náà ni ìṣubú ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má torí ìbẹ̀rù fi í sílẹ̀ lórí ibùsùn: egungun tí kò gbé ara dúró ń pàdánù kálísíọ̀mù sí i, èyí tó bá jáde níbẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó máa rìn, kí ẹnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn òògùn wo ló yẹ kí nọ́ọ̀sì wá nínú àpò òògùn aláìsàn?

Ẹ wá òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó jẹ́ ti ìdílé thiazide, bíi hydrochlorothiazide, torí kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù bá ìtọ̀ jáde. Ẹ wá lithium, òògùn àìsàn ọpọlọ, tó lè ru ẹṣẹ́ náà sókè. Ẹ wá òògùn inú ríro tí wọ́n fi kálísíọ̀mù ṣe. Digoxin, òògùn ọkàn, ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ: kálísíọ̀mù tó ga ń jẹ́ kí májèlé rẹ̀ tètè mú ọkàn, nítorí náà ẹ fi ìṣẹ́jú kan gbáko ka bí ọkàn ṣe ń lù kí ẹ tó fún un, bí kò bá sì tó 60, ẹ dá a dúró, kí ẹ pe dókítà.

Kí ni àmì pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, kí ni a sì ń ṣe?

Bí kálísíọ̀mù bá ti kọjá 14 mg/dL, ẹ̀mí wà nínú ewu. Aláìsàn náà a máa bì, ara rẹ̀ a gbẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a dàrú, a máa sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ sì lè ṣe ségesège. Omi oníyọ̀ 0.9% ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Dókítà sábà máa ń ní kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílílítà 200 sí 300 ní wákàtí kan, kí a sì máa yí i padà títí ìtọ̀ yóò fi máa jáde ní mílílítà 100 sí 150 ní wákàtí kan. Ibi tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti le nìyí, torí omi tó ń gba ẹ̀mí là yìí kan náà lè kún ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà. Ẹ máa fetí sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Furosemide, òògùn tó ń mú kí omi bá ìtọ̀ jáde, wà fún ẹni tí omi ti pọ̀ jù lára rẹ̀, kì í ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣì gbẹ.

Òògùn calcitonin máa ń mú kálísíọ̀mù wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í sábà kọjá ọjọ́ méjì. Òògùn zoledronic acid kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi máa ń fún aláìsàn ní méjèèjì pọ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi zoledronic acid sáré wọ iṣan: ìṣẹ́jú 15 ni ó kéré tán, kí a sì ti mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe rí. Bí kíndìnrín bá ti kọṣẹ́, wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ ńkọ́?

Fọ́síféètì ni ọ̀tá irú aláìsàn yìí. Òògùn tó ń di fọ́síféètì mú gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ wọlé, torí inú oúnjẹ ni fọ́síféètì tó fẹ́ mú wà. Ẹni tó bá lò ó ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí kò lò ó. Bí ó bá ń lo cinacalcet, òògùn tó ń dín PTH kù, kí ó fi oúnjẹ lò ó, kí ó gbé e mì lódindi. Ó máa ń jẹ́ kí èébì máa gbé ènìyàn, ó sì lè mú kálísíọ̀mù lọ sílẹ̀ jù, nítorí náà wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ìmọ̀ràn lítà 2 sí 3 kò kan ẹni tí kì í tọ̀ dáadáa mọ́; ìwọ̀n tí dókítà rẹ̀ fún un ni kí ó tẹ̀ lé.

Kí ni aláìsàn yẹ kó mọ̀ kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ?

Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè wo oríṣi kìíní sàn pátápátá. Felix Mandl ló kọ́kọ́ ṣe é ní àṣeyọrí ní ìlú Vienna ní ọdún 1925. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹṣẹ́ náà máa ń wà níbi tí a ti ń wá a: iṣẹ́ abẹ mẹ́fà ni wọ́n ṣe fún Charles Martell, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó rí ẹṣẹ́ tó wú náà nínú àyà rẹ̀ ní ìgbà keje, ní 1932. Lónìí, wọ́n máa ń fi àwòrán ultrasound àti ti sestamibi (òògùn tí a ń fún sínú iṣan kí ẹṣẹ́ náà lè hàn nínú àwòrán) wá a kí wọ́n tó la ọrùn. PTH kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, torí náà wọ́n lè wọ̀n ọ́n lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí wọ́n yọ ẹṣẹ́ náà, èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni wọ́n yọ. Kí nọ́ọ̀sì kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀yìn orí mú nígbà tó bá fẹ́ jókòó, kí ọrùn má fà.

Kí ni a ń ṣọ́ ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Èémí ni. Ẹ gbé orí ibùsùn sókè ní dígírì 30 sí 45. Kí ẹ̀rọ tó ń fa itọ́, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ohun èlò tí a fi ń la ọ̀nà ọ̀fun, àti calcium gluconate (kálísíọ̀mù tí a ń fún sínú iṣan) wà nítòsí kí aláìsàn tó dé láti yàrá iṣẹ́ abẹ. Báńdéèjì iwájú ọrùn lè gbẹ kí ẹ̀jẹ̀ sì ti kún ẹ̀yìn. Ẹ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì wo ìrọ̀rí. Bí ọrùn bá ń wú, tí aláìsàn ń sọ pé báńdéèjì ń fún òun, tí èémí rẹ̀ ń dún hùn-ún, ẹ ké pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti máa dì mọ́ ọ̀nà èémí, wọ́n sì lè ní láti tú ojú ọgbẹ́ náà níbẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ díẹ̀ lóòrèkóòrè: ohùn tó há tó sì ń burú sí i lè fi hàn pé wọ́n ti kan iṣan tó ń darí ohùn.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé kálísíọ̀mù ti ń lọ sílẹ̀ jù?

Nígbà tí PTH bá já wálẹ̀, egungun tó ti ń pàdánù kálísíọ̀mù láti ọjọ́ pípẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí gbà á padà kíákíá. Àwọn ẹṣẹ́ tó kù, tí wọ́n ti ń sùn nítorí pé ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn, kì í tètè jí. Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni kálísíọ̀mù sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn yóò ti wà nílé nígbà náà.

Ètè àti ìka ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn a sọ pé ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn yí ẹnu òun ká. Nígbà mìíràn ó kàn ń pa ètè méjèèjì pọ̀, ó ń fi ìka nu ún, kò sì tíì sọ nǹkan kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni pajápajá a mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ọ̀fun lè fún, gìrì lè gbé e, ọkàn lè máa lù ségesège. Fún àmì Trousseau, ẹ fẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí apá rẹ̀ títí yóò fi kọjá ìwọ̀n òkè ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3: bí ọrùn ọwọ́ bá ká wọlé tí àwọn ìka sì na gan-an tí wọ́n pa pọ̀, kálísíọ̀mù ti lọ sílẹ̀. Fún àmì Chvostek, ẹ fi ìka lu iwájú etí rẹ̀ pẹ́pẹ́, kí ẹ wo bóyá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ń fà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan, torí àwọn kan wà tí ara wọn le koko tí ẹnu wọn máa ń fà bẹ́ẹ̀. Bí kálísíọ̀mù kò bá gbọ́ ìtọ́jú, kí wọ́n yẹ magnesium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Kí ló yẹ kí a ṣọ́ bí a bá ń fún un ní calcium gluconate?

Bí àmì náà bá le, dókítà sábà máa ń kọ mílílítà 10 ti calcium gluconate 10%, tí a pò mọ́ omi tí a sì fún un láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣàfihàn bí ọkàn ṣe ń lù. Bí a bá sáré fún un, ọkàn lè falẹ̀ tàbí kó dúró. Ẹ rí i dájú pé abẹ́rẹ́ wà nínú iṣan dáadáa, torí bí ó bá jò sábẹ́ awọ, ó lè ba ẹran ara ibẹ̀ jẹ́. Ẹ má pò ó mọ́ bicarbonate tàbí fọ́síféètì, torí yóò dì.

Kí ni a ń sọ fún un nígbà tó bá ń lọ sílé?

Bí wọ́n bá fún un ní calcium carbonate, kí ó máa fi oúnjẹ lò ó. Bí ó bá ń lo levothyroxine, òògùn ẹṣẹ́ thyroid, kí nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin wà láàárín méjèèjì. Kí òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé mọ àmì ètè àti ìka, kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò pè lóru. Ẹni tó bá ní pajápajá, tí èémí rẹ̀ há, tàbí tí ọrùn rẹ̀ ń wú kò gbọ́dọ̀ dúró di àárọ̀.

Bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Àwọn kan kò ní àmì kankan, kálísíọ̀mù wọn kò sì ga púpọ̀. Wọ́n a máa yẹ kálísíọ̀mù àti kíndìnrín wọn wò lọ́dọọdún, wọ́n a sì máa ya àwòrán egungun wọn ní ọdún kan sí méjì síra. Bí kálísíọ̀mù bá fi ju 1 mg/dL lọ ga ju ààlà tó tọ́, bí ẹni náà kò bá tíì pé 50 ọdún, tàbí bí egungun rẹ̀ bá ti ń fọ́ tàbí òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀, dókítà sábà máa ń gbà á níyànjú pé kó ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún ẹni tó ń dúró pé èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru tí kò dáwọ́ dúró lè gbẹ ara rẹ̀ kí kálísíọ̀mù sì fò sókè. Kí ó tètè wá sí ilé ìwòsàn.

Ìgbà wo ni a lè sọ pé ó ti sàn?

Bí kálísíọ̀mù bá wà ní ìwọ̀n tó tọ́ fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ oríṣi kìíní, a gbà pé ó ti sàn. Egungun a máa le padà ní ọdún díẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìrẹ̀wẹ̀sì àti àárẹ̀ kì í kúrò lára gbogbo ènìyàn bákan náà, ó sì yẹ kí a sọ ìyẹn fún aláìsàn kí ó tó gba iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, tàbí bí ẹlòmíràn nínú ìdílé rẹ̀ bá ti ní irú àìsàn yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àrùn ìdílé tí à ń pè ní MEN1, torí ó lè kan àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú.